Ilé Kìnnìún Tí Dùgbẹ̀ Kò Mọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n júwe ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú onítọ̀hún ná kí n tó dáhùn, nítorí orúkọ méjì ni ilé náà ní. Bàbá àgbà mi ló fún un ní ọ̀kan, gbogbo Dùgbẹ̀ ló fún un ní èkejì. Láyé Bàbá, ọmọ tó bá fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ tí Dùgbẹ̀ ń pè é nínú ọgbà wa, ìdí kànga ló ń lọ, á sì fa omi títí apá á fi máa ro ó. Èmi fa omi yìí ju gbogbo ẹgbẹ́ mi lọ, torí ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́, kò sì tíì gbé jẹ́ẹ́ di bí mo ṣe ń wí yìí. Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọdún tí eyín iwájú mi méjèèjì yọ, tí mo jù wọ́n sórí páànù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, tí tuntun kọ̀ tí kò tètè hù. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fẹ́ wá tọrọ Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbíkẹ́yìn Bàbá, tó sì jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí orúkọ ilé ba ọ̀rọ̀ ọ̀hún jẹ́ pátápátá.

Ẹ̀yìn-Rélùwéè lorúkọ òpópónà wa. Béèyàn bá kẹ́yìn sí ariwo ọjà Dùgbẹ̀, tó sọdá ojú irin, á bá ọ̀nà kan tí kò gùn púpọ̀, tó wọ́ díẹ̀ níbi tí gọ́tà ti kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti oníṣòwò tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìṣẹ́yìn ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ibẹ̀, kálukú ló sì kọ́ tirẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí àwọn tó fi sílẹ̀ nílé gbọ́ ìró rẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n. Wọ́n dojú kọ ara wọn lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú fàráńdà lókè níbi tí àwọn àgbà ń jókòó sí láti mọ ohun tí aládùúgbò wọn fẹ́ jẹ lálẹ́. Kò sí méjì tó jọra. Bíríkìlà ìgbà yẹn kì í kánjú. Á fi sìmẹ́ńtì da àwọn òpó kéékèèké sí etí fàráńdà, á ya òdòdó sí orí fèrèsé, á wá fi búlọ́ọ̀kù oníhò mọ ògiri àtẹ̀gùn kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Lọ́sàn-án, oòrùn á gba inú ihò wọ̀nyẹn kọjá, á ya òdòdó ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, àwa ọmọdé á sì máa fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn. Bí òdòdó náà bá ti kúrò lẹ́bàá ògiri tó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, a mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀sán ti pẹ́, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Nọ́ńbà wà lára àwọn ilé náà o. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ó ti pọ̀ jù. Ìjọba kan á wá, á fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára ògiri. Ìjọba mìíràn á dé, á kọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní í pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, bóyá torí kó má baà dá ìjà sílẹ̀. Nọ́ńbà pupa, dúdú àti funfun ló wà lára ilé tiwa, kò sì sí èyí tó bá èkejì mu. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà lòun fi ń wá ilé ní Ẹ̀yìn-Rélùwéè, ìta ló fẹ́ sùn. Ìnagijẹ la fi ń mọ ilé. Ilé Onígò wà níbẹ̀, tí òpó fàráńdà rẹ̀ rí bí ìgò ọtí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni ín kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀. Ilé Aláago náà wà níbẹ̀, tí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì ya aago sí orí rẹ̀, tó fi ọwọ́ aago náà sí mẹ́fà. Bí o bá bi èèyàn ní àdúgbò wa pé kí laago wí, wọ́n á ní, "Wo orí ilé, mẹ́fà ni." Iwájú ilé wa gan-an ni Ilé Bó-bá-yá. Alájì tó ni ín kọ́ ìsàlẹ̀, ó gbé irin dúró sókè, ó sì dúró síbẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé ìgbà wo ni yóò parí òkè, á ní, "Bó bá yá." Ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni wọ́n fi sọ ilé rẹ̀ lórúkọ, kò sì bínú. Ó tiẹ̀ ń dáhùn sí i.

Bàbá tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì, díákónì sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, èèyàn tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ bu omi mu, á kọ́kọ́ tún fìlà rẹ̀ dé. Nígbà tó kọ́ ilé rẹ̀ tán, ó ní òun fẹ́ kìnnìún méjì sórí òpó géètì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, nítorí Kìnnìún ẹ̀yà Júdà, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lè mọ ilé ẹni tó mọ Ọlọ́run. Jìnádù ni wọ́n ń pe bíríkìlà tó gba iṣẹ́ náà. Jìnádù ò rí kìnnìún rí. Bàbá náà ò rí i rí, àmọ́ ó ti kà nípa rẹ̀, ó sì gbà pé ìyẹn náà tó. Bí Bàbá ṣe júwe ẹranko náà fún Jìnádù, Màmá, ìyàwó rẹ̀, nìkan ló wà níbẹ̀ tó gbọ́, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ tí mò ń bọ̀ wá sọ yìí. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni ohun tí Jìnádù ṣe jáde. Etí wọn dúró ṣánṣán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn rí roboto. Ó já wáyà lára táyà kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ó fi ṣe irun imú fún wọn, ó yọ jáde lọ́tùn-ún lósì. Ó fi irùngbọ̀n bín-ín-tín sí àgbọ̀n wọn bíi ti òbúkọ. Ó wá ká ìrù wọn mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì jókòó sórí òpó bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n ju orí ẹja sílẹ̀.

Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ká pákó kúrò lára wọn, Alájì Bó-bá-yá sọdá wá, ó gbé ojú sókè, ó wò ó títí. Ó ní, "Díákónì, ẹ kú oríire. Ológbò yín mà ga o." Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yìn-Rélùwéè wo òpó géètì, wọ́n sì sọ ilé lórúkọ. Kí oṣù tó parí, àwọn oníṣòwò Dùgbẹ̀ ti ń fi Ilé Ológbò júwe ọ̀nà fún àlejò, onímọ́tò ń já èrò sí Ilé Ológbò, Bàbá sì ń pariwo Kìnnìún, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn.

Bí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì máa ń gbọ́ òwúrọ̀ ilé náà. Ìpè ìrun Alájì ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí etí wa láti òdìkejì ọ̀nà, kò ní í tíì parí tí Bàbá á fi lu agogo àdúrà tiwa, bí ẹni pé wọ́n jọ ń dupò. Ọkọ̀ ojú irin á fọn fèrè rẹ̀, àwo á mì lórí pẹpẹ. Ọwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á máa lọ ata lórí ọlọ, òórùn àkàrà ìyá Ilé Onígò á sì wọlé wá bá wa lórí ẹní, kó tó di pé ẹnikẹ́ni jí wa. Ní àárọ̀ Sátidé, iṣẹ́ tèmi ni kí n gun àga kí n fọ àwọn ẹranko orí òpó. Mo fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ ojú wọn, mo fọ ẹ̀yìn etí wọn, mo sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ torí àwọn nìkan ni kì í sọ pé kí n dákẹ́. Màmá ò bọ̀wọ̀ fún wọn rárá. Bó bá fọ kànìnkànìn rẹ̀ tán, orí irun imú wọn ló máa ń fi kọ́ sí kó gbẹ. Bàbá á ní, "Ìyá Délé, orí kìnnìún lo sá kànìnkànìn sí?" Màmá á ní, "Bó bá bu ramúramù, mà á mú un kúrò." Délé ni bàbá mi o, àkọ́bí wọn. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, Bàbá àti Alájì á gbé ọpọ́n ayò sáàárín, wọ́n á máa ta á lábẹ́ ojú àwọn ẹranko yẹn, Alájì á sì máa dọ́gbọ́n bèèrè pé, "Díákónì, ṣé wọ́n ti fún wọn lóúnjẹ?"

Ìgbà tí eyín mi yọ yìí ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ wálé láti Ṣakí, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ó ní òun ti rí ẹni tí òun fẹ́. Ṣọlá lorúkọ rẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ onítábà kan ní Ṣakí níbẹ̀, àmọ́ òkè Ọya ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì tíì dé Ìbàdàn rí. Àwọn òbí rẹ̀ ni yóò wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Inú gbogbo wa dùn, àfi pé ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀gún nínú. Bàbá Ṣọlá ti ní ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́kàn fún Ṣọlá. Ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà láti wá wo ilé wa, lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní bí òun bá dé Ìbàdàn tí ohunkóhun bá kọsẹ̀, á jẹ́ pé Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má sì tún bẹ òun mọ́. Àǹtí Bọ́sẹ̀ wá bi Bàbá léèrè ohun tí wọn yóò fi dá ilé mọ̀.

Bàbá ní, "Kí wọ́n dé Dùgbẹ̀, kí wọ́n béèrè Ilé Kìnnìún."

"Ṣé kí n fi Ẹ̀yìn-Rélùwéè kún un fún wọn, Bàbá?"

"Wọn kì í júwe oòrùn fún ẹni tó bá ti jáde síta."

"Ẹ má bínú o, Bàbá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn ará Dùgbẹ̀, orúkọ kejì yẹn ni wọ́n..."

"Orúkọ kejì wo?"

Àǹtí Bọ́sẹ̀ yíjú wo kànga. Olùkọ́ ni o, ó ti tó ẹni tí wọ́n ń fẹ́ sílé, àmọ́ kànga ò mọ olùkọ́. Màmá pè é sẹ́yìn lẹ́yìn náà, ó ní kó rọra sọ orúkọ kejì sí ìyá Ṣọlá létí. Mo wà lábẹ́ tábìlì tí mo ń gbọ́. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní, "Màmá, bí wọ́n bá dé ẹnu géètì tí wọ́n ní Ilé Ológbò làwọn ń wá, tí Bàbá bá gbọ́, ṣé Bàbá ò ní í ní kí wọ́n padà?" Màmá mọ ọkọ rẹ̀, ó gbà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ ṣe lọ sọ fún wọn pé Ilé Kìnnìún ni, pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Sátidé ni ọjọ́ náà bọ́ sí, mo sì fọ ojú àwọn ẹranko mi ní àfọ̀-tún-fọ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí ìdáná ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ẹja gbígbẹ kún inú rẹ̀, wọ́n bẹ iṣu sínú omi, wọ́n sì fọ odó kalẹ̀. Màmá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gún iyán kí ẹsẹ̀ àlejò tó wọ ọgbà, torí iyán tó bá ti tutù, ẹ̀gàn ni fún ẹni tó gún un. Alájì wọ agbádá wá, torí kò sí nǹkan tí wọ́n ń ṣe nílé wa tí kì í bá wọn jókòó. Bàbá lọ jókòó sí fàráńdà òkè, ó tún fìlà dé, ó tẹjú mọ́ ọ̀nà. Wọ́n ní kí àlejò dé kí oòrùn tó mú. Oòrùn mú. Òdòdó ìmọ́lẹ̀ kúrò lẹ́bàá ògiri, ó dé àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí ọmọ tó fò ó. Bàbá ní, "Wọn á ti máa bọ̀." Òdòdó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, iṣu wà nínú omi síbẹ̀. Bàbá tún ní, "Wọn á ti máa bọ̀," ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Màmá gun àtẹ̀gùn lọ bá a, èmi náà sì rápálá tẹ̀lé e, torí ẹni tí kò lè gbé jẹ́ẹ́, etí rẹ̀ náà kì í gbé jẹ́ẹ́. Ó ní, "Bàbá Délé, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan lọ wò wọ́n ní gáréèjì, kó sì dárúkọ tí àwọn èèyàn mọ̀ fún wọn."

"Kìnnìún ni wọ́n mọ̀."

Màmá fa àga, ó jókòó. "Ẹ rántí Jìnádù? Ó bi yín pé báwo ni kìnnìún ṣe rí. Ẹ ní, 'Ṣé o mọ ológbò? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Fi irùngbọ̀n sí i, kó o jẹ́ kó tóbi.' Ohun tí ẹ pè ló ṣe fún yín. Ẹnu yín ni orúkọ yẹn ti kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe ẹnu Alájì."

Ní ìsàlẹ̀, Alájì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ náà pọ̀, ó sì ní ẹ̀rín nínú. Nígbà tí ikọ́ dákẹ́, a wá gbọ́ Àǹtí Bọ́sẹ̀ tó ń fọn imú nínú yàrá rẹ̀, ohùn náà ń gba inú búlọ́ọ̀kù oníhò bọ̀ wá bá wa. Àwọn búlọ́ọ̀kù yẹn rẹwà, àmọ́ wọn kì í bá èèyàn pa àṣírí mọ́. Bàbá gbọ́ ẹkún yẹn. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ. Ó dìde, ó yíjú sí mi, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, gbé bàtà mi wá." Ó ní èmi ni n óò bá òun lọ, torí ẹni tí kò ní eyín iwájú, ohun tó bá rí níta, kò ní í lè rò ó já gaara.

A sọdá ojú irin, ó di mí lọ́wọ́ mú. A kọ́kọ́ bá ìyá ọlọ́sàn kan lẹ́bàá ọ̀nà. Bàbá kí i, ó ní, "Ǹjẹ́ àwọn àlejò kan béèrè Ilé Kìnnìún lọ́wọ́ yín?" Ó ní wọ́n béèrè, pé òun sọ fún wọn pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ó wá wo Bàbá tìfẹ́tìfẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ilé ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?" Bàbá ní, "Ilé ẹnì kan ni." A ń bá ọ̀nà wa lọ.

Ní gáréèjì, onítakisí kan ló dá wa lóhùn kí Bàbá tó parí ìbéèrè. Ó ní, "Àwọn ará Ṣakí? Èmi ni mo gbé wọn. Wọ́n ní Ilé Kìnnìún, mo ní ta ni kò mọ̀ ọ́n. Mo gba Mọ́kọ́lá, mo gba Sángo, mo já wọn sí ọgbà ẹranko."

"Ọgbà kí ni?"

"Ọgbà ẹranko, Bàbá. Ibẹ̀ náà ni ilé kìnnìún wà ní Ìbàdàn, àbí òmíràn tún wà? Bàbá kan wà láàárín wọn tí inú bí gan-an o. Ó bi ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé ṣé ibí ni ilé Bọ́sẹ̀. Onítọ̀hún ní kìnnìún wà níbẹ̀, àmọ́ òun ò tíì gbọ́ èyí tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀. Mo tún gbé wọn padà wá síbí. Àwọn nìyẹn lábẹ́ igi, wọ́n ń dúró kí ọkọ̀ Ṣakí kún."

Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú aṣọ iyì wọn, apẹ̀rẹ̀ èso wà nílẹ̀ níwájú wọn tí ẹnikẹ́ni ò wò. Ìyá Ṣọlá ti fi gèlè nu ojú. Bàbá Ṣọlá jókòó ṣánṣán, èèyàn gíga tí ohùn rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bàbá tiwa dúró níwájú wọn, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o."

"Ta ló ń kí wa?"

Gbogbo gáréèjì ti dákẹ́ láti gbọ́, onímọ́tò, aláàárù àti àwọn tó ń ta omi. Bí Bàbá bá dárúkọ kìnnìún lẹ́ẹ̀kan sí i, mo mọ̀ pé bàbá yìí máa wọ ọkọ̀ ni, ìgbéyàwó Àǹtí Bọ́sẹ̀ á sì bá ọkọ̀ náà lọ. Ọwọ́ Bàbá le mọ́ ọwọ́ mi. Ó ní, "Èmi ni bàbá Bọ́sẹ̀. Ilé tí ẹ ń wá..." Ó tún fìlà rẹ̀ dé. "Ilé Ológbò ni."

Onítakisí ká ọwọ́ lérí. "Ilé Ológbò? Ilé Ológbò lẹ ń wá látàárọ̀? Ilé Ológbò tí mo lè fi ojú dídì gbé yín dé?" Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sí ọ̀nà ilé wa, gbogbo ọwọ́ ló sì nà sí apá ibì kan náà. Ìyá kan nínú àwọn tó ń ta omi ní, "Ẹ̀yìn-Rélùwéè níbí? Ta ni kò mọ̀ ọ́n?" Bàbá Ṣọlá wo ọwọ́ wọ̀nyẹn, ó wá wo Bàbá tiwa láti fìlà dé bàtà. Ó ní, "Kí ló wá dé tí ẹ fi ní kìnnìún?" Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ ká délé ná, ẹ ó fojú ara yín rí i."

Nígbà tí a fi máa dé, kò sí fàráńdà kan ní Ẹ̀yìn-Rélùwéè tí èèyàn ò kún. Bàbá Ṣọlá dúró lẹ́nu géètì, ó gbójú sókè sí àwọn ẹranko Jìnádù, kànìnkànìn Màmá sì wà lórí irun imú ti apá ọ̀tún níbi tó gbàgbé rẹ̀ sí. Ó wò wọ́n títí. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti kúnlẹ̀ ní ìloro, kò sì mọ̀ bóyá kóun dìde tàbí kóun má dìde. Bàbá Ṣọlá wá fọhùn. Ó ní, "Mo ti rí kìnnìún lónìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó nà gbalaja sílẹ̀. Mo kí i, kò dáhùn. Mo dárúkọ ọmọ mi fún un, ó yán. Àmọ́ àwọn yìí jókòó dáadáa, wọ́n lajú sílẹ̀, wọ́n ń wo ọ̀nà, wọ́n ń retí mi. Bó bá jẹ́ pé bí èyí àárọ̀ yẹn ni kìnnìún ṣe ń ṣe àna rẹ̀, ẹ jẹ́ kí èmi bá ológbò dána ní tèmi." Bàbá tiwa ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kí àwọn àlejò tó jókòó, odó ti ń dún ní ẹ̀yìnkùlé, iyán tó sì jáde gbóná débi pé ó jó Alájì lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò rán ọmọ kankan lọ sí kànga mọ́ nítorí orúkọ ilé. Bàbá fúnra rẹ̀ kò tún fi ẹnu rẹ̀ pe Ilé Ológbò títí tó fi kú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ló pè é. Bí Alájì bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ayò, á kàn ta ọmọ ayò sílé ni, Alájì á sì ní, "Àgbà tí kò bínú lọmọ rẹ̀ ń pọ̀." Ó tó ìgbà tí èmi náà bímọ kí ohun tí mo rí lójú Bàbá lórí fàráńdà tó yé mi. Ó fẹ́ràn kìnnìún rẹ̀. Ó wá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ jù ú lọ. Mo ti rí àwọn bàbá tí kò mọ èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù títí ọkọ̀ fi gbéra.

Òpópónà náà ti yí padà báyìí. Wọ́n ti wó Ilé Onígò, wọ́n fi gíláàsì kọ́ ilé ìtajà síbẹ̀. Aago sìmẹ́ńtì ti já sílẹ̀ lórí Ilé Aláago, a ò sì ní aago kankan mọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ Alájì ti parí òkè ilé rẹ̀, wọ́n kùn ún, ó dùn ún wò, Ilé Bó-bá-yá ló ń jẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí òpó géètì tiwa là, Àǹtí Bọ́sẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn fẹ́ ṣe Bàbá lóore. Wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kàwé nípa iṣẹ́ ọnà, ó da kìnnìún tuntun méjì, kìnnìún tó ní gọ̀gọ̀ lọ́rùn, tó yọ eyín, tó jẹ́ pé ọmọdé tó bá rí i ní ìrọ̀lẹ́ á sá wọlé. A kóra jọ wò wọ́n, omi bọ́ lójú Àǹtí Bọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí mo fi gbọ́ obìnrin kan tó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ lójú ọ̀nà pé, "Ṣé o ti rí kìnnìún tí wọ́n gbé sí Ilé Ológbò?"

Láìpẹ́ yìí ni mo sọ̀ kalẹ̀ ní Dùgbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù díẹ̀ lọ́wọ́. Orí mi ṣàdédé wú, mo ní lónìí yìí, n óò ṣe é fún Bàbá. Mo sún mọ́ onítakisí kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì le, mo ní, "Ọmọ mi, gbé mi dé Ilé Kìnnìún."

Ó yẹ̀ mí wò, ó yẹ ẹrù mi wò. Ó ní, "Màmá, ṣé ọgbà ẹranko lẹ ń lọ?"

Mo ní, "Rárá, ọmọ mi. Ilé Ológbò ni."

"Ẹ ò bá ti wí bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì ṣílẹ̀kùn fún mi.